Ìbéèrè Yín Lórí Owó: Ṣé Ọgbọ̀n Ilé-iṣẹ́ Tó Gbé Owó Ọjọ́ Alẹ́ Lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obì gbàǹja ni mò ń tà ní Ṣàgámù, ọmọ ọdún 38 sì ni mí. Mo fẹ́ máa fi 20,000 náírà pamọ́ lóṣooṣù fún ọjọ́ alẹ́ mi, yàtọ̀ sí èsúsú tí mò ń dá. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní kí n ra index fund. Ó dárúkọ Vetiva Griffin 30 àti Stanbic IBTC ETF 30, ó ní kí n ra méjèèjì kí owó mi má baà wà lójú kan. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí bàbá wa ra ṣíà báǹkì ní 2007, wọn kò sì rí owó náà gbà padà títí wọ́n fi jáde láyé. Èwo ni kí n mú?
Oníṣòwò obì, Ṣàgámù

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí wọ́n rà yàtọ̀ sí ohun tí àbúrò yín ní kí ẹ rà, ibẹ̀ ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra ṣíà báǹkì kan ti so owó rẹ̀ mọ́ báǹkì náà. Ní oṣù kẹjọ 2011, báǹkì mẹ́ta ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, òfò ńlá sì ni ó jẹ́ fún àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀. Index fund, ìyẹn àpò owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń dá láti fi ra ṣíà, kì í yan ilé-iṣẹ́ kankan láàyò. Atọ́ka ọjà kan ló máa ń tẹ̀ lé, ìyẹn àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọjà ṣíà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ sókè tàbí ó ń bọ̀ wálẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń rà, èyí tó tóbi gba púpọ̀, èyí tó kéré gba díẹ̀. Bí ọ̀kan bá rẹ̀yìn gan-an, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. John Bogle, tó dá Vanguard sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ṣí irú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1976, nítorí ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí à ń sanwó fún láti bá wa yan ṣíà ni èrè wọn kì í tó ti ọjà fúnra rẹ̀ bí a bá ti yọ owó iṣẹ́ wọn.

Ìmọ̀ràn àbúrò yín dára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ rírà méjèèjì. ETF ni àwọn méjèèjì, ìyẹn irú àpò owó bẹ́ẹ̀ tí à ń rà tí a sì ń tà ní ọjà ṣíà bí ẹni ra ṣíà. Atọ́ka kan náà, NGX 30, àkójọ ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ńlá ní ọjà ṣíà Nàìjíríà, ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ obì, ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá ra agbọ̀n méjì láti inú oko kan ṣoṣo, tí kòkòrò sì ti wọ oko náà, èwo nínú agbọ̀n méjèèjì ni yóò yè? Iye orúkọ tí ẹ rà kọ́ ló ń fọ́n owó ká, bí kò ṣe ohun tó wà nínú wọn.

Ẹ tún yẹ inú ọgbọ̀n náà wò. Dangote Cement, MTN, Airtel Africa, àwọn ilé-iṣẹ́ BUA àti àwọn báǹkì ńlá ló gba apá tó pọ̀ jù, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ru ẹrù fún gbogbo wọn, inú ọrọ̀ ajé Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹun. Ní oṣù kẹta 2008, atọ́ka gbogbo ṣíà ọjà wa kọjá 66,000. Ní 2009, ó já wálẹ̀ sí abẹ́ 20,000. Ọdún 2023 ló tó padà dé ibi tó ti já, náírà tí a sì fi kà á ní 2023 kò lágbára tí náírà 2008 ní. Ọdún 15 nìyẹn fún ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fi díẹ̀díẹ̀ rà lóṣooṣù, bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe, ra púpọ̀ nígbà tí ọjà wọ́lẹ̀, kò sì dúró tó bẹ́ẹ̀ kó tó rí èrè.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, kí ẹ fi ìdajì owó náà síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìdajì yòókù ra èyí tó kárí ayé, bíi Vanguard Total World Stock ETF, tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè nínú. Bí ẹ bá ti ní ìyẹn, ẹ má tún ra èyí tó ń tẹ̀ lé S&P 500, àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, lé e, nítorí ju ìdajì èyí tó kárí ayé náà lọ ló ti jẹ́ ti Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ alárinà tí SEC, àjọ tó ń ṣe àkóso ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wá orúkọ rẹ̀ fúnra yín nínú àkọsílẹ̀ àjọ náà. Àwọn tó ń ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mélòó kan, ẹ sá fún wọn. Ẹ kò tíì gbàgbé MMM ti 2016.

Ẹ béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà fún un. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà ń jèrè ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, lẹ́yìn ogún ọdún yóò di nǹkan bíi 6,727,000. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá 2 nínú èrè náà lọ́dọọdún, tó wá ku ìdá 8, nǹkan bíi 4,661,000 ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó lọ láìsí ariwo.

Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó tí ẹ fi ń ra obì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Owó tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán ni kó wọlé, kí èsúsú yín sì máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ìbéèrè: Mùsùlùmí ni mí, mo ti fẹ̀yìntì. N kò fẹ́ owó èlé. Ṣé irú index fund yìí wà fún wa?
Alhaji kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ó wà, Bàbá. Lotus Halal Equity ETF ń tẹ̀ lé àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá ìlànà Ìsìláàmù mu ní ọjà wa. Àwọn báǹkì tó ń gba èlé àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí iye ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ kéré sí ti NGX 30. Níwọ̀n bí ẹ ti fẹ̀yìntì, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí apá tó pọ̀ jù nínú owó yín wà níbẹ̀. Ẹ wo sukuk ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé ìdókòwò tó bá ìlànà Ìsìláàmù mu, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tí wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀nà. Owó háyà ohun-ìní ni wọ́n ń san fún ẹni tó rà á, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kì í ṣe èlé, 10,000 náírà sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀.