Ṣé mo lè gbé kámẹ́rà sí yàrá Màmá mi ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà?

Ìbéèrè: Màmá mi, ẹni ọdún 81, ń gbé ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Houston. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ibẹ̀ tí apá wọn dúdú, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi gbá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Minnesota ní kí n fi kámẹ́rà pamọ́ sínú aago, pé òfin fún wa ní ọjọ́ 14 ká tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ lé Màmá jáde.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Òfin Minnesota ni ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, Texas sì ni Màmá wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Òfin Minnesota, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbẹ̀san lára òun. Níbẹ̀ náà, fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ombudsman, ìyẹn ọ́físì tó ń gbèjà àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀.

Texas ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2001, gbangba ló sì fẹ́ kí ẹ ti ṣe é. Ẹ ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú náà, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó dá a padà fún wọn, ẹ ó sì lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe èyí, wọn ò gbọdọ̀ kọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ lé Màmá. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín níbi tí ẹ máa kàn án mọ́ àti ibi tó ti máa rí iná. Ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó rẹ̀ àfi ti iná.

Tí ẹ bá wá fi pamọ́ sínú aago ńkọ́? Ilé ìtọ́jú ò lè torí ìyẹn náà lé Màmá. Ṣùgbọ́n òfin ti yọ ilé ìtọ́jú kúrò nínú ẹjọ́ owó tó bá ti ara kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ wá. Bí ẹni tí òun àti Màmá jọ ń gbé yàrá bá bínú pé ẹ rí ìhòòhò òun, ọrùn yín ló máa wà. Mi ò gbà yín níyànjú láti ṣe é.

Bí ẹnì kan bá ń bá Màmá gbé yàrá, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kámẹ́rà náà. Ó lè ní òun gbà, àmọ́ kí ẹ yí ojú kámẹ́rà kúrò lára bẹ́ẹ̀dì òun. Bí ẹlòmíì bá kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó pa kámẹ́rà náà títí tonítọ̀hún á fi gbà.

Màmá fúnra wọn ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i tí àwa ọmọ ń kọjá àyè wa. Tí làákàyè wọn bá ṣì pé, tí kóòtù ò sì sọ pé kò pé mọ́, Màmá nìkan ló lè béèrè fún kámẹ́rà, kódà bí ẹ bá mú ìwé àṣẹ tí wọ́n fi fi yín ṣe aṣojú dání. Àkọ́bí ò ní àṣẹ kankan níbẹ̀. Kámẹ́rà náà á máa wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n. Tí dókítà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò lè dá pinnu mọ́, aṣojú tí òfin mọ̀ ló máa fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ gbé ìyá yín jù síbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ apá ìyá ẹ̀ wò fínnífínní báyìí kò gbé e jù.

Ọjọ́ 14 tí ẹ̀gbọ́n yín sọ yẹn wà ní Texas náà, àmọ́ ẹ̀yin ló ń kà á fún. Ẹni tó bá ń ṣọ́ kámẹ́rà fún Màmá, òfin á kà á sí pé ó ti wo ohun tí kámẹ́rà ká sílẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 14, ì báà wò ó, ì báà má wò ó. Tí ìyà bá wà nínú ẹ̀ tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ọ̀ràn ni: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún kan, owó ìtanràn sì lè tó 4,000 dọ́là. Torí náà, tí kò bá sí ẹni tó máa máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má tíì gbé e síbẹ̀.

Apá tó dúdú lẹ́ẹ̀mejì ò sì nílò kámẹ́rà kó tó di ohun tí a ń fi tó ìjọba létí. Ẹni tó bá ti rí ìdí láti fura, dandan ni kó sọ ọ́. Nọ́ńbà tí ìpínlẹ̀ fi ń gba ẹ̀sùn lórí àwọn ilé ìtọ́jú ni 1-800-458-9858. Ti ombudsman Texas ni 1-800-252-2412. Òfin ò gbà kí ilé ìtọ́jú torí ẹ̀sùn gbẹ̀san lára Màmá. Ẹ ya fọ́tò apá wọn, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tó ní bẹ́ẹ̀dì ni, kí ẹ sì pe nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn lónìí, kí ẹ tó lọ ra kámẹ́rà.