Ẹ Bi Mí: Ṣé Pàṣípààrọ̀ Yunifásítì Kì Í Fi Àkókò Ọmọ Ṣòfò?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì wà ní ọdún kẹta. Wọ́n ti mú mi fún ètò pàṣípààrọ̀ sáà kan ní ilẹ̀ Jámánì. Bàbá mi ní àwọn ò rí èrè kankan níbẹ̀, pé àwọn ẹgbẹ́ mi á ti gboyè kí n tó dé. Kí ni kí n sọ fún wọn?
Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì

Àbúrò mi, má bá bàbá rẹ jiyàn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó lọ, tó dé, tí ẹ̀ka rẹ̀ ní kó tún gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti ṣe lọ́hùn-ún ṣe. Àdéhùn ẹ̀kọ́ ni kò gbà kó tó lọ. Nínú ètò pàṣípààrọ̀ Erasmus, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní 1987, ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé yìí: akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì rẹ̀, àti yunifásítì tó ń gbà á. Wọ́n á kọ kọ́ọ̀sì tí o máa ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n á sì kọ èyí tó máa dípò rẹ̀ nílé. Lọ́dọ̀ wọn, kírẹ́dìtì 60 ni iṣẹ́ ọdún kan, 30 ni ti sáà kan. Bí 30 bá wà nínú àdéhùn rẹ, tí o sì yege, sáà rẹ kò sọnù. Gba ìwé yẹn kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kí o sì gbé e fún bàbá rẹ kà.

Ní ti èrè, jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èmi náà lọ, olùkọ́ wa pín ìwé ìwádìí kan fún wa. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lókè rẹ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi wá ibi tí mo ti ṣàṣìṣe.” Mo dorí kodò. Mo ti rí i pé nọ́ńbà kan ní ojú ìwé kẹta kò bá èyí tó wà nínú tábìlì mu, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn mi ló sọ ọ́. Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí etí ìwé tirẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó nawọ́ sókè. Láti ìgbà náà, n kò ka ìwé bí ẹni ń gba àṣẹ mọ́. Báyìí náà ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n, ọ́fíìsì èsì ìdánwò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ lè lọ sí yunifásítì òkèèrè fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ti àwọn olùkọ́ ni. Ṣé kí n fi orúkọ sílẹ̀?
Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lónìí. Erasmus náà ń gba òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, kí wọ́n lè lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Irú yín gan-an ni mo fẹ́ kó lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gba 1.3 bọ̀ láti Jámánì. Níbẹ̀, 1.0 ló ga jù, 4.0 ni ìyege tó kéré jù, 5.0 ni ìjákulẹ̀. Ní tiwa, bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni èsì ṣe dára tó. Bí ọ́fíìsì èsì wa ṣe kọ ọmọ tó mókè sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ìwé lọ́wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sáà kan ká tó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún un. Kò kàn sẹ́ni nínú wa tó ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà yẹn ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá kan láti ọ́fíìsì yẹn lọ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń kọ èsì ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n mú tábìlì ojú ìwé kan tó fi èsì ibẹ̀ wé tiwa bọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì iṣẹ́ wọn. Irú ẹjọ́ yẹn kò tún dé ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú èsì mẹ́ta tó ti dà yín láàmú rí dání, ẹ bo orúkọ àwọn ọmọ náà, kí ẹ sì ní kí àwọn tó gbà yín níbẹ̀ kà á lójú yín.