Èsì: Ìgbálẹ̀ àjẹ́ àti àwọ̀ ewé rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ibi tí àjẹ́ àwọn òyìnbó ti rí ìgbálẹ̀ gùn, àti ìdí tí ara àjẹ́ náà fi ń ní àwọ̀ ewé. Ti ìgbálẹ̀ ti pẹ́. Ìwé àfọwọ́kọ kan ní ilẹ̀ Faransé, ti ọdún 1451, ní àwòrán obìnrin méjì tó ń fò: ọ̀kan gun ìgbálẹ̀, èkejì gun ọ̀pá. Lójú tèmi, torí pé ọwọ́ obìnrin ni ìgbálẹ̀ máa ń wà ni wọ́n ṣe so ó mọ́ wọn. Síbẹ̀, ní 1453, àlùfáà kan, Guillaume Edelin, jẹ́wọ́ pé òun gùn ún. Ọkùnrin o!

Àwọ̀ ewé ní tirẹ̀, ọmọ àná ni. Fíìmù The Wizard of Oz ti 1939 ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.