Báwo ni mo ṣe lè to ìkànnì tí mo fi ń ta ẹja l'Ẹ̀pẹ́ kí oníbàárà tètè rí ohun tó ń wá?

Bí oníbàárà ṣe ń béèrè ọjà ni kí o tò ó. Kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà pélébé: ẹja tútù, ẹja yíyan, edé, owó ọkọ̀ dé Ìkòròdú. Kó wọn fún àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n pín in bó ṣe yé wọn, kí wọ́n sì sọ ìpín kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Orúkọ yẹn gan-an ni kó wà lójú ìkànnì. Jọ̀ọ́, má kọ "Àwọn Iṣẹ́ Wa". Ẹni tó ń wá àrọ̀ ò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà.

Lẹ́yìn náà, gbé fóònù fún ẹni 5, kí wọ́n wá iye tí kílò kan jẹ́. Má tọ́ka fún wọn o. Láti ọdún 2000 ni Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ìkànnì ṣe ń rọrùn láti lò, ti kọ ọ́ pé ẹni 5 tó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe ìkànnì.