Kí Ló Dé Tí Ọmọ Mi Ò Rí “Ẹlẹ́ja” Nínú Atúmọ̀ Èdè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Alàgbà. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ń lọ kọ́ Yorùbá ní gbogbo Sátidé. Dikiṣọ́nárì méjì ló ní: àtúntẹ̀ ti CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, tó kọ́kọ́ jáde ní 1913, tí ẹ̀gbọ́n mi rà wá láti Ìbàdàn, àti ìwé kékeré kan tí wọ́n pín fún wọn ní kíláàsì. Ó wá “ẹyẹ” títí nínú ti àkọ́kọ́, kò rí i. Ó wá “ẹlẹ́ja” àti “ránṣọ” nínú èkejì, pàbó. Ó ti ń sú u. Èwo ni kí n rà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ fọwọ́ wọ́nú ná kí ẹ tó náwó, torí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, “ẹyẹ” nìkan ni mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìwé. Ọdún 1974 ni àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀, tí à ń lò lónìí gba ìfọwọ́sí. Ṣáájú ìgbà náà, “ẹiyẹ” ni wọ́n ń kọ. “Aiye” ni wọ́n ń kọ fún ayé, “enia” fún ènìyàn, “obirin” fún obìnrin. Kí ó ṣí ibi tí “ẹi” wà, yóò rí ẹyẹ rẹ̀. Ẹ má sọ ìwé yẹn nù o. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ ka Bíbélì àtijọ́ tàbí lẹ́tà tí bàbá àgbà kọ, òun ló máa wúlò.

“Ẹlẹ́ja” àti “ránṣọ” ni iṣẹ́ wà. Kò sí atúmọ̀ èdè Yorùbá tó lè to gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnu wa ń ṣẹ̀dá, nítorí ojoojúmọ́ là ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìwé máa ń tò, pàápàá ìwé kékeré; ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ló máa tú u fúnra rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Ìbàdàn ń tú u láìmọ̀ pé òun ń tú nǹkankan. Ọmọ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbọ́, àfi ká kọ́ ọ.

Ohun tí màá kọ́kọ́ kọ́ ọ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Nítorí náà, tó bá pàdé ọ̀rọ̀ bíi “ránṣọ”, tó fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, tó sì ju sílébù kan lọ, kó fura: ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ ti wọnú ara wọn. Rán àti aṣọ ni. Fáwẹ́lì aṣọ la pa jẹ. Àmọ́ nínú “ṣiṣẹ́”, fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe la pa jẹ: ṣe àti iṣẹ́. Kò sí òfin kan tó máa sọ èyí tó lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó dán méjèèjì wò, kó sì jẹ́ kí gbólóhùn tó ń kà bá a yàn.

Ní ti “ẹlẹ́ja”, oní ló pàdé ẹja. Bí oní bá pàdé fáwẹ́lì tí kì í ṣe “i”, “n” rẹ̀ á di “l”, fáwẹ́lì rẹ̀ á sì fara wé èyí tó bá pàdé: aláṣọ, elépo, ẹlẹ́ja, olówó, ọlọ́tí. Bó bá jẹ́ “i” ló pàdé, kì í yí padà: onílé, oníṣu. Kí ó kọ àwọn wọ̀nyí sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Tó bá ti gé “ẹl” kúrò lórí ẹlẹ́ja, ẹja ló kù. Ohùn òkè tó wà níbẹ̀, oní ló fi sílẹ̀.

Ẹja yìí náà tún rán mi létí nǹkan tí àwọn olùkọ́ kì í sábà sọ, tó sì ń dá ọmọ lágara ju gbogbo èyí lọ. “Màmá ra ẹja.” Tó bá wá “ra” olóhùn àárín, irú èyí tó wà nínú “fi òróró ra ara” ló máa rí, yóò sì rò pé ẹ̀ ń fọwọ́ ra ẹja lára ni. “Rà” olóhùn ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: gbà, ṣùgbọ́n “gba owó”, kà, ṣùgbọ́n “ka ìwé”. Bí “ra” tó rí kò bá bá gbólóhùn mu, kó wo “rà”.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là náà wà o, àwọn tí ọ̀rọ̀ mìíràn máa ń là sí méjì. “Ó gbà mí gbọ́”: “gbàgbọ́” ni kó wá, kó má wá “gbà” lọ́tọ̀, “gbọ́” lọ́tọ̀. Kó sì rántí pé nínú ABD wa, “gb” dá dúró lẹ́yìn “g”. Gúgúrú ṣáájú gbà. Ẹ wo bí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ṣe to tirẹ̀.

Ó wá ku èyí tí ẹ máa rà. Ti Káyọ̀dé Fákinlẹ̀dé, tó jáde ní 2003, ni màá rà fún ọmọ ọdún 13: ó lọ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún padà. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ àwọn kan ní ọjà Bódìjà, nítorí náà kó má fi wọ́n dán ìyá àgbà wò. Ti R. C. Abraham, ti 1958, ni èmi fúnra mi máa ń ṣí kà láìwá nǹkankan, torí òwe, ewé àti ẹyẹ tó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, ó sì ṣáájú àkọtọ́ 1974. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i. Ọdún 1958 kan náà ni Isaac Délànọ̀ gbé atúmọ̀ Yorùbá sí Yorùbá jáde. Bí ẹ bá rí i níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, ẹ rà á pa mọ́ fún un.

Bó bá jẹ́ orí fóònù ló ti ń wá ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn sí i. Fáwẹ́lì tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lè wọnú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, ojú wa ò sì ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n fóònù lè ní òun ò rí i. Bí àkójọ bá ti jáde, kó wá fi àmì ohùn mú èyí tó ń wá.