Ẹ wo gíráàmù kí ẹ tó wo náírà

Arákùnrin tó ní òun fẹ́ mú ìyàwó òun láti Ìkòròdú lọ jẹ sitéèkì (ẹran màálù tí wọ́n gé nípọn, tí wọ́n sun) ní Victoria Island (VI) lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, tó ní ₦80,000 wà lọ́wọ́ òun, tó wá ń béèrè bóyá ẹran náà tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀: ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ni tèmi. ₦120,000 ni mo kó sápò, mo sì ti rò pé mo tó ọkùnrin. Wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá, mo rí ẹran kan tí wọ́n ń pè ní tomahawk, ₦9,500. Hẹn-ẹn! Mo bojú wo ìyàwó mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀, mo ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Lẹ́tà tíntìntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà ni n kò rí: fún 100 gíráàmù. Ẹran ọ̀hún wọn kílò kan àti 100 gíráàmù. ₦104,500 nìyẹn, ẹran nìkan o. Ọ̀dùnkún díndín, ẹ̀fọ́ àti ohun mímu sọ ọ́ di ₦130,000. Wọ́n wá gbé VAT 7.5%, owó orí ìpínlẹ̀ 5% àti service charge 10% lé e lórí. ₦159,250! Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ló yọ káàdì tirẹ̀ fún èyí tó kù. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tí a fi máa dé Mile 12, ẹ̀rín ti tán.

Ẹ tún wo ọgbọ́n inú tomahawk yìí. Egungun ìhà gígùn ni wọ́n fi sílẹ̀ lára ẹran, wọ́n họ ọ́ mọ́ tónítóní kó lè dà bí èèkù àáké. Ẹran ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ribeye, ẹran ìhà tí kò ní egungun gígùn yẹn, ibì kan náà ni wọ́n ti ń gé méjèèjì. Ṣùgbọ́n egungun wà lórí ìwọ̀n, owó ẹran sì ni mo san lórí rẹ̀. (Ìyàwó mi ní kí wọ́n dì í fún òun. Ọbẹ̀ tó fi sè lọ́jọ́ kejì, ẹ má wulẹ̀ bi mí.) Tútù ni wọ́n sì ń wọn ẹran, kó tó dé orí iná, iná á mú tó ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Èmi náà tún bà á jẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jinná dénú. Ṣé àwa tí a dàgbà sídìí ìkòkò ọbẹ̀, bí ẹran bá ń ṣomi pupa, ẹ̀rù á bà wá. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ ti dà dànù níbi tí wọ́n ti dúńbú màálù. Myoglobin ni wọ́n ń pe ohun tó ń mú ẹran pọ́n. Nígbà tí tèmi jinná tán, mo kàn ń jẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán ni. Medium, èyí tó jinná lẹ́yìn àmọ́ tó ṣì pọ́n díẹ̀ nínú, ni mò ń gbà báyìí. Bí ìyàwó yín kò bá lè wo ẹran tó pọ́n nínú, kí ẹ gba medium well, tó jinná ju ìyẹn lọ díẹ̀, lórí ribeye tó lọ́ràá. Ẹ má ṣe é sí fillet, ẹran abẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn màálù: ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ́ràá tó máa gbà á lọ́wọ́ iná, gbígbẹ ló máa gbẹ.

Ṣé ó wá tówó? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé. Mo ra ẹran ẹ̀yìn màálù ní Sábó, mo sun ún lórí páànù, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Alápatà kò ṣẹ̀ mí. Màálù wa ti rìn jìnnà, ó ti gbó, àárọ̀ tí wọ́n pa á náà la sì ń jẹ ẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń gbé ẹran kọ́ sínú yàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹran á máa rọ̀ fúnra rẹ̀, omi inú rẹ̀ á máa fà, wọ́n á wá gé èèpo gbígbẹ ara rẹ̀ dànù. Ẹran ń dín kù, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ dísù tọ̀sán-tòru. Ibẹ̀ lowó yín ń lọ. Nítorí náà, mo máa ń bi ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé ọjọ́ mélòó ni ẹran yìí ti lò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà, ẹja ni mo máa jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí a lọ, ọ̀sán Ọjọ́rú ni, a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Falomo. Àwa méjèèjì pín ribeye 400 gíráàmù kan jẹ, mo sì ti gbọ́ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́nu wọn kó tó kan iná. Pẹ̀lú owó orí àti gbogbo rẹ̀, kò pé ₦70,000, kò sì dùn mí.

Ọ̀sán ni kí ẹ̀yin náà lọ. Ọkọ̀ ojú omi kì í ná lálẹ́, owó Bolt láti VI dé Ìkòròdú á sì jẹ nínú ₦80,000 yẹn. Ẹ má ra ìrẹsì wọn, ti ilé yín dára jù ú lọ.