Ta Ló Fẹ́ Ṣe Olè? Ìbéèrè Yín Lórí Géèmù Ogun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá wa lóhùn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ló máa ń ta géèmù ogun kan tí wọ́n ń pè ní Call of Duty, nígbà míì lórí fóònù, nígbà míì nílé géèmù tó wà ládùúgbò wa níbi tí wọ́n ti ń sanwó wákàtí-wákàtí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a jọ ń wo ìròyìn, wọ́n dárúkọ Rọ́ṣíà, ọmọ yìí bá ní, "Mọ́mì, ṣebí àwọn yẹn náà ni wọ́n ju bọ́ǹbù lu àwọn èèyàn tó ń sá lọ lójú títì, mo rí i nínú géèmù." Bàbá ẹ̀ ní kí n fọmọ sílẹ̀, pé eré lásán ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé wọ́n lè fi géèmù ṣe pọrọpagáńdà ni, bíi ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n? Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n lè fi géèmù ṣe pọrọpagáńdà, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rán yín létí eré kan tá a ṣe ní kékeré, pólíìsì àti olè. Ẹ rántí pé ìjà tó máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nínú eré yẹn kì í ṣe ti ẹni tó máa mú ẹnì kejì, ìjà ta ló máa ṣe olè ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe olè. A óò jiyàn títí, ẹni tó bá kéré jù la óò fi jẹ olè lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ tó bá dọ̀la ó ti kan ẹlòmíì, kò sọ́mọ tí kì í kàn. Téèyàn bá ti sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan rí, tó ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo "olè! olè!" bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n ń lé.

Ó dáa. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2002, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà gan-an, àwọn ológun orílẹ̀-èdè náà gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní America's Army, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ṣáà ti ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè dáńlóòdù ẹ̀. Wọn ò fi ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é pa mọ́. Lọ́dún 1999, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá gba iṣẹ́ ṣọ́jà ò tó iye tí wọ́n ń wá, ni ọ̀gá ológun kan tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ní West Point, Casey Wardynski, bá dá a lábàá pé kí wọ́n lọ bá àwọn ọmọ yìí níbi tí wọ́n máa ń wà, ìyẹn nídìí géèmù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga táwọn ológun ojú omi ní sí Monterey, ní Kalifóníà, ló ṣe é fún wọn. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi wà, oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n tó pa á, owó tí wọ́n sì ná lé e lórí láàárín bí ọdún mẹ́wàá péré lé ní 30 mílíọ̀nù dọ́là.

Kó o tó lè bá wọn jagun nínú géèmù yẹn, wàá kọ́kọ́ lọ kọ́ ìbọn yíyìn ní bárékè Fort Benning. Tó o bá fẹ́ jẹ́ oníṣègùn ojú ogun, wàá jókòó sí kíláàsì, olùkọ́ á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tíbọn bà, wàá ṣe ìdánwò, tó o bá féèlì, ó di kó o padà lọ jókòó. Tó o bá yìnbọn lu ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ikọ̀ kan náà, inú yàrá ẹ̀wọ̀n kékeré kan ní Fort Leavenworth lo máa bá ara ẹ. Ẹ ò rí i pé ó dà bí ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí? Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: ikọ̀ méjì ló máa ń kojú ara wọn, èèyàn gidi ló wà nídìí kọ̀ǹpútà lápá méjèèjì, síbẹ̀ lójú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ni ṣọ́jà Amẹ́ríkà, àwọn tó wà lódìkejì ni ọ̀tá. Ìbọn M16, ti ṣọ́jà Amẹ́ríkà, tí mo rí lọ́wọ́ ara mi, AK, ìbọn ọ̀tá, nìwọ tó o kọjú sí mi rí i sí. Èmi ò ṣe ọ̀tá, ìwọ náà ò ṣe ọ̀tá. Mílíọ̀nù àìmọye ọ̀dọ́ ló ta géèmù yẹn, kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ṣe olè rí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, ìyá wa. Rédíò á sọ pé èèyàn burúkú ni lágbájá, ẹ sì lè bá a jiyàn níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ ní irọ́ ni. Géèmù ò ní sọ ohunkóhun, á kàn wọ aṣọ ẹnì kan fún ọmọ, á gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, á ní ó yá, àwọn tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn ni. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, ẹ sì wá wo ọmọ tí wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀ tó ń dá.

Ọ̀rọ̀ tọ́mọ yín sọ wá ńkọ́, mo mọ ibi tó ti rí i. Call of Duty: Modern Warfare ni, èyí tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2019. Orílẹ̀-èdè kan tí kò sí láyé, Urzikstan, ni wọ́n fi pìtàn ẹ̀, àwọn Rọ́ṣíà ti gba ibẹ̀, ó wá kan ibì kan tí wọ́n pè ní Highway of Death, ojú títì tí mọ́tò jóná sí lọ súà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ fún ẹ pé àwọn Rọ́ṣíà ló ju bọ́ǹbù lu àwọn tó ń gbìyànjú láti sá lọ. Ìyá wa, títì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà lóòótọ́ o. Títì 80 ni, tó ti Kùwéètì lọ sí ọ̀nà Basra ní Ìráàkì. Lóru 26 mọ́jú 27 oṣù kejì ọdún 1991, nígbà táwọn ọmọ ogun Ìráàkì ń sá kúrò ní Kùwéètì, bàálù ogun Amẹ́ríkà àtàwọn tí wọ́n jọ ń jà ló fi bọ́ǹbù dí iwájú ọ̀wọ́ mọ́tò yẹn, wọ́n dí ẹ̀yìn ẹ̀, ni wọ́n bá ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé àwọn tó há sáàárín. Mọ́tò tó lé ní 1,000 ló kù sójú títì yẹn, àwọn kan jóná, àwọn kan làwọn tó ń wà á sá fi sílẹ̀, fọ́tò ẹ̀ sì kárí ayé nígbà náà.

Àwọn tó ṣe géèmù lè ní ìtàn àròsọ làwọn pa, orílẹ̀-èdè yẹn náà ò kúkú sí, mo gbà, àmọ́ orúkọ títì yẹn kì í ṣe àròsọ. Wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n fi mọ́tò tó jóná sílẹ̀, ẹni tó ṣe é nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Mi ò ní Rọ́ṣíà ò ṣèèyàn lófò rí o, wọ́n ti ṣe tiwọn ní Chechnya àti Síríà, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn tó wọn í rù láìgbé tẹlòmíì kún un. Mi ò sì ní ìjọba Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1991, ibo ló ti fẹ́ mọ̀? Èyí dùn mí ju America's Army lọ, torí ìyẹn kọ orúkọ ẹni tó ni ín síwájú orí, èèyàn mọ̀ pé ṣọ́jà ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Òmíì wà tó tún sún mọ́ wa. Call of Duty: Black Ops II, ti ọdún 2012, ogun Àǹgólà lọ́dún 1986 ló fi bẹ̀rẹ̀. Jonas Savimbi, olórí ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ UNITA, wà lórí mọ́tò ogun, ó ń pariwo, ìwọ ọmọ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé e, ẹ jọ ń pa àwọn MPLA, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Àǹgólà, bí ẹní pa eṣinṣin. Géèmù ò ní dúró ṣàlàyé fọ́mọ pé Amẹ́ríkà àti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ìgbà yẹn ló wà lẹ́yìn Savimbi, tí Soviet àti Kúbà sì wà lẹ́yìn MPLA. Ṣé ẹ mọ orúkọ táwọn Kúbà fún ogun tí wọ́n bá lọ sí Àǹgólà lọ́dún 1975? Operación Carlota. Ẹrú ni Carlota yìí ní Matanzas, ní Kúbà, ó wà lára àwọn tó ṣáájú nígbà táwọn ẹrú dìde ní oko ìrèké Triunvirato lọ́dún 1843, Lùkùmí ni wọ́n sì pè é, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn jókòó sílé géèmù, ó di pádì mú, ó ń yìnbọn, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé àwọn tó wá gbèjà ẹni tó ń yìnbọn lù yẹn, orúkọ ọmọ Yorùbá bíi tiẹ̀ ni wọ́n fi sọ ogun wọn. Kì í ṣe pé MPLA mọ́ o, ogun yẹn ò dá wọ́ títí di 2002, ìyà ẹ̀ sì jẹ aráàlú lápá méjèèjì, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò bi ọmọ náà ibi tó fẹ́ dúró sí. Àwọn ọmọ Savimbi gan-an gbé kọ́mpìnì tó ṣe géèmù yẹn lọ sí kóòtù ní Faransé lọ́dún 2016 pé wọ́n sọ bàbá àwọn di ẹhànnà, kóòtù da ẹjọ́ náà nù.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà nìkan o. Hezbollah, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìbọn ní Lẹ́bánónì, gbé Special Force jáde lọ́dún 2003, fọ́tò Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, wà lára ohun tí wọ́n ń yìnbọn lù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ológun Ṣáínà náà ní Glorious Mission lọ́dún 2011.

Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ilé géèmù ló máa kàn kọjá sí. Àmọ́ Modern Warfare yẹn kì í ṣe tọmọ ọdún 14, 18 ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ ní Yúróòpù, ẹ lè lọ bá ẹni tó ni ilé géèmù yẹn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó máa ta á, ẹ máa bi í wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́: ta nìwọ níbí? Ta ló rán ẹ wá? Àwọn tó ò ń pa yìí, ṣé wọ́n lórúkọ? Tó o bá ní o fẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ wọn, ṣé wọ́n máa gbà fún ẹ? Tó bá dórí títì yẹn, ẹ jọ tẹ "Highway 80, 1991" sórí Google, àmọ́ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wò ó fúnra yín o, torí àwọn fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí ò ṣeé fi han ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá mi nílé fi fídíò ogun kan sórí gúrúùpù ẹbí wa, wọ́n ní Yukréénì ni, ọmọ mi tá a jọ wà níbí ní géèmù ni. Ta ni ká gbà gbọ́? — Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kọ́mọ yín jàre. Géèmù kan wà tó ń jẹ́ Arma 3, kọ́mpìnì Bohemia Interactive ní Czech ló ṣe é, àwọn èèyàn ti ń gé e bíi fídíò ogun tòótọ́ débi pé lóṣù kọkànlá ọdún 2022 kọ́mpìnì náà fúnra ẹ̀ jáde sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣàlàyé béèyàn ṣe máa dá a mọ̀. Ẹ wò ó bóyá àwòrán ẹ̀ ṣú, tí kámẹ́rà ń gbọ̀n, tí ò dún rárá, tí ẹ ò rí èèyàn kankan tó ń rìn, tí èéfín àti iná ẹ̀ ò rí bíi tòótọ́. Ẹ má sọ ọ́ fún bọ̀dá lójú gbogbo ẹbí o, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, káwọn fúnra wọn lè yọ ọ́ kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé géèmù ogun lẹ fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù ba àwọn ìyá wa. Láti 2010 ni mo ti ń ta á, mi ò wọṣẹ́ ṣọ́jà, mi ò pa ẹnikẹ́ni. Ṣé kò sí èyí tó dáa lójú yín ni? — Ọmọ Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo gbà ẹ́ gbọ́, mi ò sì sọ níbì kankan pé géèmù máa sọ èèyàn di apààyàn. Ìpolówó ọtí náà ò fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ilé ọtí, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe ọtí ò yé náwó sí i.

Èyí tó dáa wà, ó wà dáadáa. Lọ́dún 2003, Gonzalo Frasca, ọmọ Uruguay, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní September 12th. Òkè lo ti ń wo ìlú kan nílẹ̀ Lárúbáwá, èrò ń lọ èrò ń bọ̀, àwọn afẹ̀míṣòfò díẹ̀ tó gbé ìbọn wà láàárín wọn. Àdó olóró nìkan ni wọ́n fún ẹ. Tó o bá jù ú, kì í balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó dé, ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti rìn wọbẹ̀, ilé á wó, àwọn èèyàn ẹ̀ á dúró ti òkú ẹ̀, wọ́n á máa sunkún, bí wọ́n ṣe ń sunkún lọ́wọ́ náà ni wọ́n ń di afẹ̀míṣòfò. Bó o ṣe ń jù ú tó ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Kò sí bó o ṣe lè wíìnì. Ẹni tó ṣe ìyẹn náà ní nǹkan tó fẹ́ kó o gbà gbọ́ o, àmọ́ kò fi pa mọ́ fún ẹ.

Òmíì ni This War of Mine, àwọn ọmọ Pólàńdì ló ṣe é lọ́dún 2014, ìjọba wọn sì kéde lọ́dún 2020 pé òun máa fi í sára ìwé táwọn ọmọ ilé ìwé gíráàmà lè kà. Ìlú Sarajevo, ní Bosnia, tí ogun sé mọ́ láti 1992 sí 1996 wà lára ohun tí wọ́n wò ṣe é. O kì í ṣe ṣọ́jà níbẹ̀ rárá, aráàlú ni ẹ́, ebi ń pa ẹ, ara ẹnì kan ò sì yá nílé. Tílẹ̀ bá ṣú, wàá jáde lọ wá oúnjẹ. Ilé kan wà tó o lè wọ̀, oúnjẹ wà nínú fíríìjì, òògùn wà, bàbá arúgbó kan àti ìyàwó ẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, bàbá yẹn á máa tẹ̀ lé ẹ káàkiri yàrá, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó o má kó o, pé kó o ṣàánú àwọn, o ò sì ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo "olè!" lé ẹ lórí.